Ìka Tí Ẹ̀rọ Kò Dá Mọ̀

Ìyá mi, ẹ̀yin tí ilẹ̀ Ṣakété gbà lọ́wọ́ mi,

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Amina ọmọ mi wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì ń kọ orin tí ẹ kọ́ ọ, ó ń ṣì í kọ bó ṣe máa ń ṣe. Orí bẹ́ẹ̀dì yín ni mo jókòó sí. Mi ò tíì tà á. Àwọn ará ilé ní kí n tà á kí yàrá lè láàyè, ṣùgbọ́n ojú ibi tí ẹ máa ń sùn sí ṣì jin kòtò láàárín rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ara lé ibẹ̀.

Ó pé ọdún méjì tí ẹ ti lọ, mi ò sì kọ nǹkan kan sí yín. Mo ń dúró de ìròyìn rere ni. Kò dé. Èyí tí mo ní lọ́wọ́ báyìí burú, Ìyá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní máa wò mí lójú bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin lẹ mú mi wọ ilé iṣẹ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó wà ní ọ̀nà Calavi. Ẹ fún mi ní ọ̀bẹ yín, èyí tí ẹ fi àkísà wé èèkù rẹ̀, ẹ sì dúró sẹ́yìn mi. "Èso ni kí o máa yí, má yí ọ̀bẹ." Mo yí i. Kó tó di ọ̀sán, omi èso ti ṣàn dé ìgúnpá mi, gbogbo ibi kéékèèké tí ọ̀bẹ ti gé mi ń ta mí bí iná. Ẹ ò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ẹ kàn bu omi sínú agolo, ẹ ní kí n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìka yín ni mo ń rò lọ́pọ̀ ìgbà báyìí. Ẹ máa ń pè mí kí n bá yín fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ẹ ní ojú yín ni kò ríran mọ́. Irọ́ ni. Ojú yín ríran dáadáa, ẹ máa ń rí eṣinṣin lórí ìkòkò láti ẹnu ọ̀nà. Ìka yín ni kò mọ òwú mọ́. Bí owó ẹyọ bá wà lórí tábìlì, ẹ ò lè ṣà á, ẹ máa fà á títí dé etí tábìlì, ẹ máa jẹ́ kó jábọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Bí ẹ bá sì ti fi òrí pa ọwọ́ tán ní ìrọ̀lẹ́, ẹ máa nà án sí afẹ́fẹ́ ojú fèrèsé bí ẹni tó ń sá aṣọ. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Ẹ ò tíì pé àádọ́ta ọdún nígbà náà.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí a lọ ṣe káàdì ìdánimọ̀? Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ tẹ ìka yín mọ́ díńgí, ó nù ún, ó tún un tẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ò ní ìlà lọ́wọ́ kankan." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti jẹ ẹ́. Gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ló pa mí lẹ́rìn-ín, Ìyá?

Lẹ́yìn tí ẹ ti lọ, nígbà tí òjò ń rọ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá sí ilé iṣẹ́, wọ́n kàn án mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà. Tẹ́lẹ̀, alábòójútó ló máa ń pe orúkọ wa, tó máa ń fi bírò sàmì sí i. Wọ́n ní ìyẹn ti di ti àtijọ́. Kí kálukú máa tẹ ìka. Bí iná rẹ̀ bá tan àwọ̀ ewé, o wá síbi iṣẹ́ lónìí. Bó bá tan pupa, o ò wá. O lè wọlé, o lè bẹ èso láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ̀rọ ti sọ pé o ò wá, ohun tí ẹ̀rọ bá sì sọ ni wọ́n fi ń san owó.

Àwa tí a kò tíì pẹ́, ó ń mọ̀ wá. Àwọn tó ti lo ọdún mẹ́wàá, ọdún méjìlá, kò mọ̀ wọ́n rárá. Bí èèyàn bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni kò ṣe mọ̀ ọ́n tó. Ìyá Rafi, ọ̀rẹ́ yín tó bá mi wẹ òkú yín, ló kọ́kọ́ fojú winá rẹ̀. Ó tẹ àtàńpàkò, pupa. Ó tẹ ìka ìfábẹ̀lá, pupa. Ó tẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, ó tu itọ́ sí ọ̀kan, ó fi ìró nù ún, ó tún un tẹ̀. Alábòójútó ní, "Ẹ wọlé ná, a máa tún un ṣe." Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, ọjọ́ mẹ́fà tó ṣe, méjì tí ẹ̀rọ ṣèèṣì mọ̀ ọ́n ni wọ́n san fún un. Ó di owó náà mọ́ ọwọ́, ó sì dúró níwájú fèrèsé tí wọ́n ti ń san owó títí tí wọ́n fi ní kó kúrò fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Afiavi ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ ti lọ kó tó dé. Obìnrin Fọ̀n ni, ó ga, ohùn rẹ̀ máa ń dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gun orí àpótí èso tó ṣófo lábẹ́ àtíbàbà, ó ń sọ̀rọ̀ ní Fọ̀n, èmi ń sọ ọ́ ní Nàgó fún àwọn èèyàn wa. "Èso wọn ló jẹ ìka wa. Kí wọ́n dá ìka wa padà, tàbí kí wọ́n yọ ẹ̀rọ wọn." Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wọn. Ọ̀kan ní, ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Òmíràn ní, ìjókòó ńkọ́, ṣé àwa ni òpó ilé yìí ni? Ẹnì kan dárúkọ ọmọbìnrin olóyún tó dákú sórí tábìlì, tí wọ́n ní kó má padà wá mọ́. Ẹnì kan ní owó iṣẹ́ wa kò tíì yí padà láti ìgbà tí ẹ̀yin ti wà láyé. Ọ̀rọ̀ tí kálukú ti ń gbé mì lóun nìkan, ọjọ́ yẹn ni a kọ́kọ́ tú u síta níṣojú ara wa.

Ta ni yóò kọ ìwé? Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹ̀yin lẹ fà á, Ìyá. Nígbà tí mo yege ní kíláàsì kẹrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ mú ìwé èsì mi lọ síbi iṣẹ́, ẹ fi han tábìlì kan dé èkejì pẹ̀lú ọwọ́ tó ń kán omi èso. "Ọmọ mi ń sọ Faransé bí ẹní ń mu omi." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lẹ́nu wọn. Kò sí ẹni tó rántí pé mi ò padà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Mo kọ ọ́. Àwọn obìnrin tó fẹ́ẹ̀ tó ogójì tẹ̀ka sí i. Tàdáwà dúdú dà sórí ìwé bí ìgbà tí òjò bá kán sílẹ̀, kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀. A gbé e fún ọ̀gá. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sí èsì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a fi ọ̀bẹ sórí tábìlì, a jáde lọ jókòó sí àgbàlá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ṣe rí, nítorí òun nìkan ni ohun tó dára tí mo ní láti sọ. A ò pariwo. A jókòó sórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ wa nà gbọọrọ níwájú wa. Ìyá Rafi gbójú sókè, ó ní láti ìgbà tí òun ti dé ilé iṣẹ́ yìí, òun ò tíì rí ojú ọ̀run ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ rí. Ẹnì kan pín gààrí, ẹnì kan pín ẹ̀pà. Ọkọ̀ ń já èso sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń bẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì òórùn rẹ̀ dùn. Ní ọjọ́ kẹta ó ti ń rùn bí ọtí, oyin ń fò yí i ká, àwọn awakọ̀ sì ń bá alábòójútó jà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ọ̀gá jáde sí wa. Ó ní kí ẹni tó mọ̀wé láàárín wa bá òun wọlé. Afiavi dìde pẹ̀lú mi. Ọ̀gá ní ẹnì kan ti tó. Afiavi di ọwọ́ mi mú. "Má dá nìkan lọ." Mo ní kí ó fi mí sílẹ̀, mo máa tètè dé.

Inú ọ́fíìsì náà tutù. Ó fún mi ní àga, ó fún mi ní omi, ó ń pè mí ní Màdáàmù. Ká ní ó jágbe mọ́ mi ni, bóyá ǹ bá ti ṣọ́ra. Ó ní wọ́n máa yọ ẹ̀rọ náà, wọ́n máa ra ìbọ̀wọ́ àti ìjókòó, a ó sì jọ sọ ọ̀rọ̀ owó. Ó ní kí akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ síwèé, ojú ewé méjì. Mo ka èkíní: ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ìbọ̀wọ́ wà níbẹ̀, ìjókòó wà níbẹ̀. Inú mi dùn. Ojú ewé kejì gùn, lẹ́tà rẹ̀ kéré. Láàárín rẹ̀, mo rí ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí kí á gé nǹkan, kí nǹkan já. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́. Mo rò pé ìdaṣẹ́sílẹ̀ wa ni wọ́n ní kí á gé. Ṣùgbọ́n mi ò mọ àwọn ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá ní, "Ṣé ó yé yín, Màdáàmù?"

Mo lè sọ pé kò yé mi. Mo lè ní kí ó jẹ́ kí n mú un jáde. Olùkọ́ kan ń gbé ní ìta wa ní Fidjrossè, bí mo bá gun alùpùpù lọ bá a, ìwọ̀nba àkókò ni yóò gbà. Ìyá, ojú tì mí. Ohùn yín ló ń dún létí mi, bí ẹní ń mu omi, bí ẹní ń mu omi. Mo ní, "Ó yé mi."

Ó ní ìka àwọn yòókù kì í hàn lórí ìwé, nítorí náà kí n fọwọ́ sí i lórúkọ gbogbo wọn. Mo fọwọ́ sí i. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Mo sáré jáde, mo ń ju ìwé náà fìrì lókè. Wọ́n hó yèè. Ìyá Rafi jó, ó di ìró rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó ń pe orúkọ yín, ó ń sọ pé kí ẹ wá wo ohun tí ọmọ yín ṣe. Afiavi nìkan ni kò jó. Ó ní kí n ka gbogbo rẹ̀ sókè. Mo ka ojú ewé kìíní, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Fọ̀n, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Nàgó. Nígbà tí mo ṣí èkejì, mo ní, "Ọ̀rọ̀ òfin lásán ni ìyókù."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Bí mo ṣe fọwọ́ sí i, àìmọ̀ ni. Èyí tí mo sọ yìí, irọ́ ni.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti yọ ẹ̀rọ náà lóòótọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló dúró síbi tó wà, pẹ̀lú ìwé orúkọ lọ́wọ́. Kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú wa níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò wa tò sẹ́yìn wa, ọwọ́ wọn ń dán. A ti jọ jẹun nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú ọkùnrin yẹn, kò lè wo ojú wa. Ó ní, "Wọ́n ní ẹ ti fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ lọ."

Afiavi já ìwé náà gbà lọ́wọ́ mi. Ó sọdá títì lọ sí ilé oògùn, gbogbo wa tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tó ń ta oògùn fi gíláàsì sójú, ó ka ojú ewé kejì jẹ́jẹ́, ó sì sọ ọ́ fún wa ní Fọ̀n: pé gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ojúmọ́ fara mọ́ ọn tìfẹ́tìfẹ́ pé kí iṣẹ́ wa parí lọ́jọ́ náà, a ò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé. Iṣẹ́ wa ni wọ́n ní kí á gé.

Kò sí ẹni tó lù mí. Ì bá dára ká ní wọ́n lù mí. Afiavi ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Èló ni wọ́n fún ẹ?" Ohun kan ṣoṣo tó bi mí nìyẹn. Mo fi sàréè yín búra. Ìbúra yẹn ló jẹ́ kí àwọn tó kù gbà pé mo gba owó.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Obìnrin tó dá mi lóhùn kò ṣe mí ní ìkà. Ó gbọ́ mi tán, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wo ìwé náà títí. Ó ní ìfọwọ́sí ni ìfọwọ́sí, ṣùgbọ́n òun á gbé e lọ síwájú. Mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Oṣù karùn-ún rèé, ó ṣì wà níwájú níbẹ̀.

Afiavi ti padà sí ìlú rẹ̀. Àwọn méjì kan ń kiri omi inú ọ̀rá ní Jonquet. Ìyá Rafi ń bẹ ọsàn létí òkun ní Fidjrossè fún àwọn tó ń wá gba afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi. Ọsàn, Ìyá, omi kíkan kan náà, sójú egbò kan náà. Mo rí i ní ọjọ́ kan tí mo mú Amina lọ síbẹ̀. Amina sáré lọ kúnlẹ̀ kí i. Ó gbá a mọ́ra, ó fún un ní ọsàn, ó béèrè bó ṣe ń ṣe nílé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó sì wo òkun láti ara mi kọjá bí ẹni pé kò sí èèyàn níbi tí mo dúró sí.

Mo ní ohun kan tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ fún yín. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti ilé iṣẹ́ pé mo lè padà wá, èmi nìkan. Mo kọ̀. Wọ́n tún ránṣẹ́, mo tún kọ̀. Nígbà tí wọ́n lé Amina wálé láti ilé ẹ̀kọ́ fún ìgbà kejì nítorí owó tí a jẹ, mo lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹfà nìyí. Wọ́n ti ra ìbọ̀wọ́. Àwọn ọmọ tuntun ń lò ó, àwọn kan ń bọ́ ọ sílẹ̀ nítorí pé ooru ń mú wọn nínú rẹ̀. Wọn ò mọ ẹni tó béèrè rẹ̀, èmi náà ò sì sọ fún wọn. Ṣé kí n sọ ọ́? Kí ni kí n sọ pé mo jẹ́ nínú rẹ̀?

Ohun kan wà tí n kò tíì bẹ̀ yín lé lórí. Nígbà tí àìsàn yín ń le, tí a lọ sí ọsibítù, ẹ ní kí dókítà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹta. "Kò yé mi, ọmọ mi. Tún un sọ." Àwọn èèyàn ń wò wá. Mo fa ìró yín lábẹ́ tábìlì kí ẹ dákẹ́. Ẹ wò mí, ẹ sì dákẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Ká ní ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀wé lẹ wọ ọ́fíìsì yẹn lọ́jọ́ yẹn, ilé iṣẹ́ ì bá má lè rẹ́ obìnrin kankan jẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, bí a ṣe ṣíwọ́, mo rí Ìyá Rafi lódìkejì títì. Mo rò pé ó wá gbé mi ṣépè ni. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀. Kò dáhùn ìkíni mi. Ó tú ìwé kan nínú ọ̀rá, ìwé ọsibítù nípa ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Rafi ò sí nílé. Mi ò mọ ẹlòmíràn tó lè bá mi kà á."

Mo dìde, mo kà á bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì, mo ń túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìlà kẹta, mo bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí n kò rí rí. Ẹnu mi ti fẹ́ fò ó, Ìyá, ó ti fẹ́ yọ̀ kọjá lórí rẹ̀ bó ṣe mọ́ ọn lára. Mo dúró.

"Ìyá, mi ò mọ ọ̀rọ̀ yìí."

Ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù márùn-ún. Kò bínú. Ó rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó pẹ́ kó tó lè ká a nítorí pé ìka rẹ̀ kò mọ etí ìwé, n kò sì láyà láti ràn án lọ́wọ́.

Ó ní, "Ká ní o ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Ó yíjú padà, ó lọ wá ẹlòmíràn tó máa kà á fún un.

Ẹ fọwọ́ rọrí, ìyá mi. Bí àwọn tó wà níbi tí ẹ wà bá bi yín léèrè mi, ẹ má tíì sọ nǹkan kan fún wọn.

Èmi ni, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ bí, tó fẹ́ràn yín, tí kò sì mọ ohun tí òun yóò ṣe lọ́la.